Pijó Tí Kò Ní Bátìrì

Rédíò náà kọ́kọ́ mí kó tó sọ̀rọ̀. Sàláhúdéènì gbọ́ ọ ketekete, ó sì yọjú wo ibi tí bátìrì máa ń wà: òfìfo ni. Màmúdù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé bátìrì lọ ṣáàjì láti àárọ̀. Kò sí iná kankan lára ọkọ̀ Pijó àtijọ́ tí tíṣà Theophilus gbé wá pé kí wọ́n bá òun fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sí.

"Àárẹ̀ ni," ó wí fún ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ní rẹ̀? Wáyà tó ń fà ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi, láti kékeré kọ́, ti ilé ló le jù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí bàbá rẹ̀ bá àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n jáde ní Gánà wọ lọ́rì. Ó ní òun á padà wá kó ìyàwó àtọmọ. Kò dé Ìlọrin ìlú rẹ̀, kò sì padà sí Kumasi. "Ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ, ti bàbá náà kò yàtọ̀. Tí ẹbí bá ní kí wọ́n ṣe fídáù, Nímátù ìyá rẹ̀ á fárígá: "Ta ló ń ṣe fídáù fún alààyè?" Á tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Ashanti New Town, á máa wo títì. Ohun kan ṣoṣo ni Sàláhúdéènì ń tọrọ: kó mọ ibi tí bàbá wà, kí ìyá rẹ̀ lè sinmi.

Ó so wáyà sípíkà tó kẹ́yìn.

"Àjàní."

Kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní Àjàní látìgbà tí bàbá ti lọ.

"Bàbá? Níbo lẹ wà?"

"Inú lọ́rì náà ni. A ò tíì kúrò lójú kan. Ó ti rẹ̀ wá."

Òórùn òógùn èrò púpọ̀ gba inú Pijó, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, ó ń sunkún.

"Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi, kí n lọ sọ fún ìyá mi."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Òun là ń dúró dè látọjọ́ yìí. Ó ti wọ lọ́rì, ó jókòó tì mí. A fẹ́ gbéra."

Ẹ́ńjìnnì kan bú nínú sípíkà, ó ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó gbójú sókè, Àìṣátù àbúrò rẹ̀ ló rí tó ń sáré bọ̀ láàárín àwọn ọkọ̀, láìdì gèlè, láìwọ bàtà.

"Bọ̀dá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ìyá..."

"Mo ti gbọ́."

Àìṣátù dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá ni."