Kọ̀mpútà tí Ìfẹ́dayọ̀ Pọ̀n Lọ sí Àlàbá

Kò sí ohun tí wọn kì í gbé wọ ọjà Àlàbá, ṣùgbọ́n kọ̀mpútà tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ tuntun, Fẹ̀hìntọlá kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin náà yọ láàárín àwọn aláàárù tó ru tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ọ̀já di kọ̀mpútà dúdú ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kan gbá ìdí ẹrù rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òógùn bò ó lójú. Ó rẹwà, ó sì ń bínú, àwọn méjèèjì sì bá a mu.

"Ẹ kú ewu ọmọ o!" Stephen pariwo. Stephen yìí, Ègùn ará Àgbádárìgì, ń ta wáyà ní ìsọ̀ tó kọjú sí ti Fẹ̀hìntọlá, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lásán. "Ṣé akọ ni àbí abo?"

"Ara rẹ̀ ni ò yá," ọmọbìnrin náà dáhùn láìrẹ́rìn-ín. "Ta ló ń tún kọ̀mpútà ṣe níbí tí kì í purọ́?"

Stephen na ìka sí Fẹ̀hìntọlá. Fẹ̀hìntọlá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Gbogbo ẹni tó mọ ọmọkùnrin yìí ló mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì bí ẹni ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ. Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀ ọ́, àǹtí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún aláàárù?"

"Aláàárù á sáré, èyí ò sì gbọdọ̀ fara gbá nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi Akínwùmí ló tò ó kó tó lọ sí Canada. Mac ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ body ẹ̀ kì í ṣe ti Mac."

Ó yé Fẹ̀hìntọlá. Àwọn tó ń ṣe Mac kò fẹ́ kí ètò wọn wọ inú kọ̀mpútà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò tó tiwọn, nítorí náà wọn a ra ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a tò ó pọ̀, wọn a sì fi ọgbọ́n tan ètò náà títí yóò fi rò pé ilé baba òun lòun wà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ bí iná. Òfin kan ṣoṣo ló ní: bó bá ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí òun gba ètò tuntun, má dá a lóhùn.

"Ṣé ẹ ò tẹ update?" Fẹ̀hìntọlá bi í.

Ìfẹ́dayọ̀, orúkọ ọmọbìnrin náà nìyẹn, gbójú sílẹ̀. "Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí. Àánú ẹ̀ ṣe mí."

"Àánú kọ̀mpútà?"

"Ó ń bẹ̀bẹ̀, bùrọ̀dá!"

Fẹ̀hìntọlá bú sẹ́rìn-ín. Ìfẹ́dayọ̀ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ pé ó tún níbòmíràn.

Fídíò ni Ìfẹ́dayọ̀ ń gé, tó ń tò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ fíìmù kan ní Ìkẹjà ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi fíìmù kékeré kan tó ṣe fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ Mọ́ńdè kan lóṣù tó ń bọ̀, ní ọ̀sán, ni wọ́n sì máa ti ìlẹ̀kùn. Fíìmù tirẹ̀ dá lórí àwọn apẹja etí omi Ọ̀jọ́, inú kọ̀mpútà yìí ló sì wà. Ó ti sú u láti máa gé fídíò ìsọmọlórúkọ. Ó fẹ́ iṣẹ́ Ìkẹjà yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Fẹ̀hìntọlá tan ẹ̀rọ náà. Àmì èso áápù yọ, ìlà funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ rìn dé ìdajì, ó dúró gbagidi. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ètò tuntun náà kò mọ káàdì tó ń gbé àwòrán jáde mọ́. Ó yọ ọ́, ó wá òmíràn tó bá a mu, ó sì fi kún mẹ́mọ́rì rẹ̀ kó lè yára sí i. Lẹ́yìn náà ló ṣe ètò tó ń jí i dìde ní tuntun sínú fíláàṣì pupa kékeré kan. Fíláàṣì yìí ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà. Bí kò bá rí i, kò ní jí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ àwọn apẹja yọ lórí omi, Ìfẹ́dayọ̀ di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú láìmọ̀. Ó fi í sílẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ó wá ku ohun kan tí oníṣẹ́ máa ń ṣe kẹ́yìn: kó kó ohun tó wà nínú fíláàṣì sínú díìsì kọ̀mpútà gan-an, kí ẹ̀rọ náà lè máa dá jí. Iṣẹ́ kékeré ni. Fẹ̀hìntọlá wo ọmọbìnrin náà bó ti ń gbọn ọ̀já rẹ̀, tó fẹ́ pọn ẹrù rẹ̀ lọ. Ó rò ó pé bó bá lọ báyìí, kò ní í padà wá mọ́. Ló bá pa ẹ̀rọ náà, ó yọ fíláàṣì, ó sọ ọ́ sápò.

"Ó lágídí díẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi ló mọ̀. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ lé yín délé, kí n tàn án fún yín. Bó bá sì tún kú, ẹ pè mí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń tẹ̀ lé gbogbo oníbàárà délé?"

"Àwọn tó bá pọnmọ nìkan."

Bí wọ́n ti ń lọ, Stephen fà á létí. "Fẹ̀hìn, o ò kó o sínú disk. Mo ń wò ẹ́ o."

"Ọ̀la ni."

"Ọ̀la yẹn á bá ẹ nílé."

Ọ̀la kò dé. Ẹ sì mọ iná Ìbà, níbi tí Ìfẹ́dayọ̀ ń gbé: kò ju kó wá kó tún lọ. Nígbàkígbà tó bá lọ, kọ̀mpútà á kú. Ìfẹ́dayọ̀ á pè. Fẹ̀hìntọlá á wọ kẹ̀kẹ́ láti Àlàbá, á fi ara bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, á ti fíláàṣì bọ̀ ọ́, yóò sì jí. Á wá jókòó, á mu omi, á sọ ìtàn. Nígbà tó yá, omi kò tó mọ́, ó di oúnjẹ. "Ẹ" di "o." Ọmọkùnrin náà bi í léèrè oríkì rẹ̀, ó ní Àbẹ̀kẹ́. Ìfẹ́dayọ̀ bi í ní tirẹ̀ náà, ó ní Àjàní.

"Àjàní tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀," Ìfẹ́dayọ̀ ní. "Ta ló ń lé ẹ?"

"Ìwọ ni, Àbẹ̀kẹ́."

Wọ́n jọ máa ń rìn dé Ọkọkọmáíkò ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì, wọ́n á máa wo ibi tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè sí. Ìfẹ́dayọ̀ ní bí wọ́n bá parí rẹ̀, rélùwéè náà ni òun á máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òun. Fẹ̀hìntọlá ní ṣé á máa wọ̀ ọ́ padà? "Bí ẹnì kan bá ń dúró dè mí," ó dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Fẹ̀hìntọlá, ó sì gún un, nítorí fíláàṣì wà lápò rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá la ẹnu láti jẹ́wọ́, ẹ̀rù á bà á, á sì béèrè bóyá ó fẹ́ bọ̀ọ̀lì sí i.

Bàbá Ìfẹ́dayọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn. Bàbá Májẹ́kódùnmí, ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ti gbé Navy Town pẹ́ kó tó kọ́lé sí Ìbà. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tó lọ wẹmọ fún ọmọ wọn obìnrin àgbà, nítorí náà òun nìkan ló ń ṣọ́ Ìfẹ́dayọ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ èbúté. Láyé ọjọ́un ló ra jẹnẹrétọ̀ "tuntun" kan ní Àlàbá. Nígbà tí òjò pa á, ọ̀dà ṣí, ògbólógbòó yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"N ò fẹ́ ará Àlàbá nílé mi," Bàbá ní. "Nǹkan tó wà lórí tábìlì rẹ yìí, ṣé ojúlówó ni?"

"Kì í ṣe ojúlówó, Bàbá, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́."

"Mac tí kì í ṣe Mac. Ẹni tó ń tún ayédèrú ṣe, kí ni òun náà?"

Ìfẹ́dayọ̀ sunkún, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ó ní òun mọ ẹni tí òun ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló padà wá di ẹ̀gún fún un.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ìlẹ̀kùn Ìkẹjà fẹ́ tì, Fẹ̀hìntọlá lọ sí Ìfọ̀ níbi ìsìnkú àbúrò bàbá rẹ̀. Ìfẹ́dayọ̀ tẹjú mọ́ fíìmù rẹ̀ títí ó fi parí. Ó ku kó fi ránṣẹ́. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, iná lọ. Nígbà tí iná padà dé, ó tẹ ẹ̀rọ náà: ojú rẹ̀ dúdú. Ó tún un tẹ̀. Ó pe Fẹ̀hìntọlá, fóònù ti kú. Ó pè é títí ó fi di Mọ́ńdè. Ó gbé ẹ̀rọ náà mì, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Agogo ọ̀sán lù níwájú ojú dúdú náà, ìlẹ̀kùn Ìkẹjà sì tì.

Ọkọkọmáíkò ni Fẹ̀hìntọlá, tó ń ti Ìfọ̀ bọ̀, ti rí iná sí fóònù rẹ̀, tó rí gbogbo ìpè náà. Sísá ló sá dé Ìbà. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, kò dá a dúró. Ọmọkùnrin náà ti fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tí kò sùn rárá.

Ìfẹ́dayọ̀ wo fíláàṣì náà. Ó wo ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

Àwáwí kì í wọ́n oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó lè ní iná tó ń ṣe ségesège ni, wọn ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá yàn láti sọ òtítọ́.

"Kò sóhun tó ṣe é. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò sóhun tó ṣe é. Mo yẹ kí n kó nǹkan tó wà nínú flash yìí sínú disk, kó máa dá jí. N ò kó o. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sápò kó o lè máa pè mí."



"O so iṣẹ́ mi mọ́ àpò ṣòkòtò," Ìfẹ́dayọ̀ ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Àjàní. Ṣé o ò lè sọ pé o fẹ́ máa rí mi ni?"

"Ẹ̀rù bà mí pé bí kò bá bàjẹ́, o ò ní í wá mi."

Bàbá wọlé. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe ní Àlàbá?"

"Rárá, sà. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Ẹ má fi bú wọn."

Fẹ̀hìntọlá wá kúrò lórí àga. "Jókòó, Àbẹ̀kẹ́. Fi ọwọ́ ara ẹ ṣe é." Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò fi ìka kan ohunkóhun, ẹnu ló fi ń júwe, Ìfẹ́dayọ̀ ń ṣe é, omijé ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kó yọ fíláàṣì, kó pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn. Ẹ̀rọ náà dá jí.

"Kò nílò mi mọ́," Fẹ̀hìntọlá ní. Ó kí Bàbá, ó sì lọ. Fíláàṣì pupa náà wà lórí tábìlì.

Ìfẹ́dayọ̀ fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí Ìkẹjà bó ti pẹ́ tó. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ó padà sídìí fídíò ìsọmọlórúkọ, ó sì ń bínú. Iná ń lọ, iná ń dé, kọ̀mpútà ń dá jí láìpe ẹnikẹ́ni. Bó bá sì ti ń jí báyìí, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Àwọn nǹkan kan ṣòro láti ṣàlàyé, èyí wà lára wọn.

Ní Àlàbá, ẹsẹ̀ Fẹ̀hìntọlá ń gbọ̀n débi pé tábìlì ń dún. Stephen kò bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá rí ọmọ rẹ̀ tó pa kọ̀mpútà, tó tàn án, tó tún pa á.

"Kí lò ń wá lára ẹ̀?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ni ò ṣiṣẹ́." Bàbá fa àga, ó jókòó. "Ẹni tó ta jẹnẹrétọ̀ fún mi, títí dòní kò tíì wá sọ pé òun lòun kùn ún lọ́dà. Tìrẹ yìí dúró níwájú mi, ó sọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mú un. Lọ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí fún un."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìfẹ́dayọ̀ yọ láàárín àwọn aláàárù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá kọ́kọ́ wò. Kò pọn nǹkan kan.

"Kí ló bàjẹ́?" ó bi í.

"Kò sóhun tó bàjẹ́."

"Ṣé kò jí ni?"

"Ó ń jí dáadáa." Ó súnmọ́ tábìlì. "N ò tíì dárí iṣẹ́ Ìkẹjà jì ẹ́ tán o, kó o mọ̀. Á pẹ́ díẹ̀."

"Mo mọ̀."

"N ò nílò ẹ mọ́, Àjàní. Mo kàn fẹ́ ẹ ni."

Stephen, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, yíjú sí wáyà rẹ̀, ó ń tú èyí tí kò lọ́ rárá.

"Bàbá mi ní kó o wá ní Sátidé," Ìfẹ́dayọ̀ ní. "Kó o mú àwọn ẹbí ẹ wá mọ àwọn ẹbí mi. Wọ́n sì ní kó o má gbé irinṣẹ́ kankan dání."

Fẹ̀hìntọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì, Ìfẹ́dayọ̀ kò sì fà á kúrò. Nísàlẹ̀ tábìlì, ẹsẹ̀ òsì Fẹ̀hìntọlá dúró jẹ́ẹ́.