Ilé Ọkọ Ọmọ́ṣaléwá

Àárín agbo ewúrẹ́ ní Sábó, nílùú Ifẹ̀, ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ti kọ́kọ́ rí Ọmọ́ṣaléwá. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn, ó ń fi Hausa tí kò já geere dúnàádúrà òbúkọ kan, òbúkọ náà sì ti ń jẹ okùn báàgì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ni òbúkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mí o. Ẹ bá mi sọ Yorùbá."

"Hausa ni mo wá kọ́. Mi ò wá ra ewúrẹ́."

Tíṣà ni Ọmọ́ṣaléwá ní Ìrẹmọ. Ìjọ wọn kọ́ ilé-ìwé sí abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Niger, wọn ò rí olùkọ́ tó fẹ́ lọ, ó sì dá a lójú pé òun ni Ọlọ́run ń rán. Lóṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé, tó ti ń gbọ́ Hausa láti kékeré nídìí òwò bàbá rẹ̀, gbà láti kọ́ ọ.

Bí ilé-ìwé bá ti jáde, Ọmọ́ṣaléwá á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo.

"O tún ti gbàgbé, tíṣà mi."

"Ìwọ ni tíṣà níbí. Nà mí bó o bá lè nà mí."

"Ta ló ń na ẹni tó wù ú?"

Ojú ti àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ti mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ẹ̀ka ló yàtọ̀. Níbẹ̀, arákùnrin kì í dẹnu ìfẹ́ kọ arábìnrin kó tó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó kọjá. Ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ìgbìmọ̀ sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ sọ fún ìyá Ọmọ́ṣaléwá. Inú ìyá dùn, ó ní Ọlọ́run ti dá ọmọ òun dúró sí Ifẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá fún wọn. Ọmọ́ṣaléwá ló gbọ́ kẹ́yìn.

Ó fi ìbínú wá bá Ìgbẹ́kẹ̀lé ní Sábó.

"Gbogbo ayé lo sọ fún, èmi nìkan ni o ò bi! Ṣé kí n má bàa lọ ni?"

"Rárá o."

"Inú rẹ ò dùn nígbà tí màmá mi ń wá yàrá?"

Ojú Ìgbẹ́kẹ̀lé fi hàn pé inú rẹ̀ dùn. Ọmọ́ṣaléwá yíjú, kò sì wá mọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé rò ó dáadáa, ó rí i pé bí ọmọ náà bá dúró nítorí òun, kò ní jẹ́ ẹni tí òun fẹ́ràn mọ́.

Ó lọ sílé wọn ní Ìrẹmọ, ó bi í lójú ìyá rẹ̀.

"Ọmọ́ṣaléwá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi, ká jọ lọ?"

Ìyá fò dìde. "Ilé ọkọ là ń sin ìyàwó lọ. Ilé wo lo ní níbẹ̀?"

"Màá lọ kọ́ ọ, mà. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ewúrẹ́ wa ti ń wá. Màá máa rà á ránṣẹ́, kí àbúrò mi máa tà á."

"Kó kọ́ ọ, kó má kọ́ ọ, èmi máa lọ," ni Ọmọ́ṣaléwá wí. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n kó yáa kọ́ ọ o, torí màá fẹ́ ẹ."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Ifẹ̀ lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àǹtí rẹ̀ fi bọ́ọ̀sì sin ín lọ sí abúlé náà. Ilé ti wà lóòótọ́, páànù rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n àǹtí àgbà di Ọmọ́ṣaléwá mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn obìnrin ilé ọkọ ló ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Àwọn dà?"

Kò sí ẹbí Ìgbẹ́kẹ̀lé kankan níbẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé, tó ti ń dúró dè wọ́n, yíjú sí àwọn obìnrin abúlé tó ń wòran, ó fi Hausa ṣàlàyé. Ìyá àgbà kan sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì lọ bu omi.

"Kí ló wí?" ni àǹtí bèèrè.

"Ó ní ta ló sọ pé mi ò ní ìyá níbí," ni Ìgbẹ́kẹ̀lé dáhùn.

Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ Ọmọ́ṣaléwá, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Àǹtí jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ọmọ́ṣaléwá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó sì wọlé.