Ọ́ìlì Tó Ń Kán Sórí Páálí Olóògbé

Ọ́ìlì tún ti kán. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀, ó fa páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde. Orí páálí yìí ni olóògbé máa ń nà sí bó bá ń tún mọ́tò náà ṣe. Níbi tí àyà rẹ̀ máa ń wà gan-an ni àbààwọ́n dúdú náà wà, ó tutù, ó ń dán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ní òun ti pààrọ̀ síìlì iwájú ẹ́ńjìnnì, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá síìlì," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí nígbà tó dé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ̀dá ò tíì kúrò lábẹ́ mọ́tò yìí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ikọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé mọ́tò yìí kúrò nílé, kí wọ́n lè sinmi."

Aránṣọ wo páálí náà. Òun náà ti gbọ́ ikọ́ náà ní ìdájí, ó tilẹ̀ ti pe ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Mọ́tò yìí nìkan ló kù tí ọwọ́ olóògbé ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá fi sílẹ̀, ó di pé ó sin ọkọ lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò bá fi sílẹ̀, ó di pé òun ni kò jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí. "Èmi fúnra mi ni màá ra síìlì."

Ó rà á. Kó tó fà á lé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fi ọ̀dà èékánná pupa kán ẹ̀kán bíńtín sí etí inú rẹ̀, bó ṣe máa ń sàmì sí aṣọ oníbàárà kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Àṣà ọwọ́ ni. Kò fura sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbààwọ́n tún dé. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mi orí, ó yọ síìlì kan nínú ọ̀rá.

"Mo ra tuntun fún yín. Tí èyí bá tún jò, ẹ gbà pé Bọ̀dá ni."

Aránṣọ yí i padà lọ́wọ́. Ẹ̀kán pupa náà ń wò ó.

"Ẹ gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Oníbàárà rẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló mú dání lọ, obìnrin àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe rí káàdì ọlọ́pàá, ó kó sínú mọ́tò, ó ṣáná sí i, ó sì wà á sá lọ. Díẹ̀ ló kù kó gbá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórúnkún.

"Mọ́tò mi ti lọ," Aránṣọ wí.

"Ẹ wo ilẹ̀, Ìyá Aránṣọ."

Ẹ̀kán dúdú, ẹ̀kán dúdú, lójú títì. Wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n tẹ̀ lé e. Ní oríta, ipa rẹ̀ pòórá. Ọkọ̀ olómi kan ti da omi nù síbẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Aránṣọ ló rí i níwájú, níbi tí mọ́tò ti ń dúró kí rélùwéè kọjá: ọ́ìlì ti kóra jọ síbẹ̀ bí ojú tó ń woni.

Ẹ̀yìn ilé kan tí wọn ò kọ́ parí ni wọ́n ti bá a. Iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì ti ń tán ti tàn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nà gbalaja sábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Aránṣọ dúró sójú kan. Bí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń yọ nìyẹn.

Ikọ́ kan sì jáde lábẹ́ mọ́tò. Ikọ́ ìdájí yẹn gan-an ni.

"Jáde," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ìwọ, ọ́ìlì lo dà. Síìlì mélòó lo pààrọ̀?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wọ́ jáde, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Mo bi ọ́."

"Ẹyọ kan ò sí. Pẹtiróòlù ni mo fi ń fọ ojú ẹ́ńjìnnì, kó lè dà bíi pé ó gbẹ. Ẹnì kan fẹ́ ra mọ́tò náà lọ́wọ́ mi."

"Ìdájí ńkọ́?" Aránṣọ béèrè. "Ta ló ń wúkọ́?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò lè wò ó lójú. "Èmi ni. Mo máa ń wá da ọ́ìlì sórí páálí, níbi tí àyà Bọ̀dá máa ń wà. Ikọ́ yẹn ṣèèṣì jáde ni. Ìgbà tí ẹ pè wọ́n lójú fèrèsé ni mo mọ̀ pé ẹ máa gbà á gbọ́."

"O ò sì dáhùn," Aránṣọ wí.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún lọ́wọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀.

Mẹkáníìkì mìíràn ló yọ síìlì tó ti ya, tó fi èyí tó ní àmì pupa rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Aránṣọ fa páálí jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi àyà náà. Ó ti gbẹ. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ ti di tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á mọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ó dúró díẹ̀, ó tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ó rọra ti páálí náà padà sí ààyè rẹ̀.