Obìnrin Tí Ọ̀gbufọ̀ Yọ Kúrò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ìyàwó rẹ̀ lórí itan, bí ẹni pé àga náà ṣófo. Àǹtí sáré dìde. Ọkùnrin náà fìdí kalẹ̀, ó ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀, kò tilẹ̀ sọ pé "pẹ̀lẹ́".

N kò kà á sí. Ìwọ̀sí kì í ṣe nǹkan tuntun nílé wa. Ọ̀gbufọ̀ ló ní kí gbogbo àdúgbò máa pe òun, nítorí pé ó ń túmọ̀ ìwé ìtàn òǹkọ̀wé ará Ítálì kan tó ti kú tipẹ́. Kò gbọ́ Ítálì tó lè fi ra búrẹ́dì. Inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wò ó, èyí tí kò bá sì yé e, tàbí tó bá sú u, á fi bírò pupa fagi lé e.

"Òkú ò ní í pè mí lẹ́jọ́," ló máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì.

Èmi tí mo jáde ilé ìwé gírámà tí n kò tí ì ríṣẹ́, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo máa ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ gbogbo ohun tó pa tì. Mo kẹ́gàn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n n kò lẹ́nu láti sọ ọ́.

Lóṣù tó ṣáájú, ó yọ ajá arọ kan kúrò nínú ìtàn. Lọ́jọ́ kejì, a wá ajá tiwa tì. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ajá wo? Ìgbà wo la ní ajá?" Mo rò pé àwàdà rẹ̀ tí kì í dùn náà ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ó kan ìyàwó akọ̀wé kan nínú ìtàn náà, tó máa ń jókòó lójú fèrèsé, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́jọ péré.

"Kí ni eléyìí wúlò fún?" ó ní. "Ó kàn jókòó bí àpò sìmẹ́ǹtì. Yọ ọ́."

Mo yọ ọ́.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, télọ̀ ẹnu ọ̀nà kí mi, ó wo Àǹtí kọjá. Àǹtí gbé kọ́ọ̀pù lé tábìlì, kò dún. Ó fà mí wọ kíṣìnì. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Obìnrin yìí ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

"Jẹ́jẹ́," ó rọra wí, nítorí orúkọ tó sọ mí nìyẹn, "ṣé ìwọ ṣì ń rí mi?"

"Mo ń rí yín, mà."

"Má gbójú kúrò lára mi o."

Ṣùgbọ́n mo gbójú kúrò. Mo tọ Ọ̀gbufọ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dá obìnrin ojú fèrèsé yẹn padà. Nítorí Àǹtí."

"Àǹtí wo?"

"Ìyàwó yín, sà."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ìdọ̀tí ìdí bàtà. "Ẹni tí kò lè bá ọmọge sọ̀rọ̀, òun ló ń fún mi níyàwó."

Nígbà tí mo padà dé kíṣìnì, kò sẹ́ni níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ọ̀gbufọ̀ jáde lọ fọ́nnu lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo túmọ̀ ìlà mẹ́jọ náà fúnra mi, mo sì tẹ̀ wọ́n padà sáyè wọn. N kò tí ì gbọ́wọ́ kúrò tí àga fi dún lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ Àǹtí ni. Èjìká Àǹtí ni. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń rán bọ́tìnnì.

"Ẹ káàsán, mà."

Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde. Ó rán mẹ́fà, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi pé ohun tó wà nínú ìlà mẹ́jọ yẹn nìkan ló lè ṣe, olóògbé náà kò sì fún un ní gbólóhùn kan sọ.

Èmi tí mò ń fi Ọ̀gbufọ̀ ṣẹ̀sín pé ó ń ba iṣẹ́ olóògbé jẹ́, mo fi ìlà kẹsàn-án kún un láti inú orí ara mi: ó yíjú padà, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

Ohùn ló kọ́kọ́ dé. "Jẹ́jẹ́." Ohùn Àǹtí gan-an ni. Omi lé ròrò sójú mi. Lẹ́yìn náà, ó rọra yíjú.

Òǹkọ̀wé náà kò júwe ojú obìnrin yẹn níbì kankan. Èmi náà kò sì rántí láti kọ ọ́.