Ọba Tí Kò Fẹ́ Rí Àbẹ́là

Ìwọ tó fẹ́ ka ìwé yìí sétí ọmọ, dúró ná.

Wọ́n pa ẹnì kan nínú ìtàn yìí. Wọ́n na ọmọ kan. Ọmọ mìíràn sì wà nínú ẹ̀ tí kò padà wálé. Mi ò rí bí mo ṣe lè yọ ọ́ kúrò.

Bí ọmọ tó jókòó tì ẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, má sọ pé kó dákẹ́. Pa ìwé dé. Dì í mú. Ìtàn á dúró dè yín.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ. Díẹ̀díẹ̀.

Rìnsọ́lá ni orúkọ ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni.

Morris Heights ló ń gbé, ní Bronx, lórí àjà kẹrin. Òun àti Màmá ẹ̀ àti Dádì ẹ̀ ni.

Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n.

Híítà wà lábẹ́ fèrèsé. Híítà náà máa ń ké. Kan, kan, kan. Ṣííììì.

Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá Rìnsọ́lá. Òun ń sùn lórí ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kì í sùn lórí ìkejì.

Kànmí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ló ni ìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kànmí. Àyà ẹ̀ máa ń há. Bó bá ń mí, á máa ké fíì, fíì, fíì.

Lọ́jọ́ kan, àyà náà há, kò sì tú mọ́. Áńbúláǹsì dé. Uwíì, uwíì, uwíì.

Kànmí kú.

Mo sọ ọ́ báyìí kí ọmọ tó ń gbọ́ má baà rò pé ó rìnrìn àjò ni.

Nílé wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Màmá gbé fọ́tò Kànmí kúrò lára ògiri, ó tì í sínú àpótí. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri.

Kànmí ni àkọ́bí. Torí náà, Màmá Kànmí ni gbogbo èèyàn ń pe Màmá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, Màmá Rìnsọ́lá ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ àtijọ́ bá fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn, onítọ̀hún á sáré wúkọ́.

"Màmá... wùhù, wùhù... Màmá Rìnsọ́lá, ẹ káàárọ̀."

Bí Rìnsọ́lá bá sì fẹ́ sunkún, Màmá á ní, "Ṣííì."

Híítà náà á ní, "Ṣííììì."

Rìnsọ́lá á gbé ẹkún náà mì. Kúlú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Míìsì Susan, tíṣà wọn, gbé àpò kan wá sí kíláàsì. Orúkọ àwọn ọba ayé àtijọ́ ló wà nínú àpò náà, lórí bébà kéékèèké.

Míìsì Susan ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fa ọba kan. Ó ní lọ́jọ́ Fúráídè, wọ́n á múra bí ọba náà. Wọ́n á dúró nínú gbọ̀ngàn, gbagidi, bí ère tí wọ́n fi ìda ṣe. Bébà pupa róbótó á wà nílẹ̀ níwájú wọn. Bí àlejò bá tẹ bébà náà, pá, ère á la ẹnu. Á sọ bí ayé ọba náà ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Rìnsọ́lá ti ọwọ́ bọ àpò. Ó fa bébà kan yọ.

Ẹ̀tẹ́rẹ̀dì.

Àyàndá tó jókòó tì í yọ ojú wò ó. Ó ní orúkọ ọba yẹn dà bí orúkọ oògùn ikọ́. Rìnsọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ oògùn ikọ́ dáadáa.

Míìsì Susan fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ọba náà.

Tí ilé ìwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ Alhaja Hassanat ni Rìnsọ́lá máa ń dúró sí, lórí àjà karùn-ún, títí Màmá á fi dé. Ojú Alhaja ò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí Rìnsọ́lá kà á sókè.

Rìnsọ́lá kà á. Ó ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ ọba kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀tẹ́rẹ̀dì. Ó ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Édíwọ́ọ̀dù. Bàbá kan náà ló bí wọn. Ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bàbá wọn wàjà. Wọ́n fi Édíwọ́ọ̀dù jọba.

Lọ́jọ́ kan, Édíwọ́ọ̀dù gun ẹṣin lọ kí àbúrò ẹ̀ nílé ìyá ọmọ náà. Kòkò-kà, kòkò-kà, kòkò-kà.

Àwọn kan jáde wá pàdé ẹ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Wọ́n gún un lọ́bẹ.

Ẹṣin náà sáré lọ. Kòkò-kà, kòkò-kà.

Alhaja béèrè ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Rìnsọ́lá wá a nínú ìwé. Ìwé ní wọn ò mọ̀ ọ́n dájú, títí dòní.

Ni wọ́n bá fi Ẹ̀tẹ́rẹ̀dì jọba. Kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó sunkún, sunkún, sunkún.

Inú bí ìyá ẹ̀. Ó wá pàṣán, kò rí. Àbẹ́là ló rí. Ó fi àbẹ́là na ọmọ náà. Pàà. Pàà. Pàà.

Àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ ní láti ọjọ́ náà, ọba yìí ò fẹ́ rí àbẹ́là sójú mọ́.

Rìnsọ́lá pa ìwé dé.

"Alhaja," ó ní, "ṣé wọ́n máa ń na èèyàn torí pé ó sunkún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni?"

Alhaja kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

"Ìyá mìíràn wà," ó ní, "omi ojú ọmọ ló ń bà á lẹ́rù. Torí tiẹ̀ ti ń dúró lẹ́yìn ẹ̀. Bí ọ̀kan bá bọ́, gbogbo ẹ̀ ló máa bọ́."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní Fordham, ó ń tọ́jú ìyá àgbà kan tí kò lè rìn. Màmá ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ó ní kí Rìnsọ́lá wá ka iṣẹ́ ẹ̀ fún òun.

Rìnsọ́lá dúró ṣánṣán. "Èmi ni Ọba Ẹ̀tẹ́rẹ̀dì. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan..."

"Ṣííì," Màmá ní. "Bẹ̀rẹ̀ látorí adé."

"Wọ́n fi adé dé mi lórí. Mo sunkún..."

"Ṣííì. Mo ní látorí adé. Kò sẹ́kún níbẹ̀."

"Ṣííììì," híítà ní.

Rìnsọ́lá gbé e mì. Kúlú.

Ó bẹ Màmá pé kó wá wo òun lọ́jọ́ Fúráídè. Màmá wo ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú omi. Ó ní òun á wá.

Ó ku nǹkan kan. Míìsì Susan ti ní kí ọba kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan dání.

Rìnsọ́lá ṣí dúrọ́ọ̀ kíṣìnì. Ṣíbí. Ọ̀pọ̀ ṣíbí. Ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ó rí àbẹ́là kan.

Àbẹ́là búlúù ni. Wọ́n ṣe é bíi nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Orí ẹ̀ ti jó díẹ̀.

Rìnsọ́lá mọ̀ ọ́n. Orí kéèkì Kànmí ló wà lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kànmí fẹ́ ẹ kí iná ẹ̀ tó kú, torí èémí ẹ̀ ò pọ̀. Fúù. Fúù. Fúù. Gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín, Kànmí gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Rìnsọ́lá ki àbẹ́là bọ àpò kóòtù ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àyà ẹ̀ ń lù. Kì, kì, kì.

Fúráídè dé.

Àwọn ọba tò sínú gbọ̀ngàn, gbagidi. Àyàndá náà wà níbẹ̀ tòun ti irùngbọ̀n òwú. Irùngbọ̀n náà ti ń já bọ́.

Rìnsọ́lá dé adé páálí. Ó fi àbẹ́là pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀.

Ọkùnrin kan tẹ bébà pupa. Pá.

Rìnsọ́lá la ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí adé.

Ó ní ọmọdé lòun nígbà tóun jọba. Ó ní àwọn ará Denmark wá nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń jó ìlú. Òun fún wọn lówó kí wọ́n máa lọ. Wọ́n lọ. Wọ́n tún padà wá. Òun tún fún wọn. Wọ́n tún padà wá, ọkọ̀ wọn sì pọ̀ sí i. Ó ní òun sá kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyàwó òun. Àwọn ará ìlú òun ránṣẹ́ pe òun pé kóun padà, àmọ́ kóun ṣe dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òun padà. Ogun ò tíì tán tóun fi wàjà ní London.

Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́, ó lọ.

Ìyá Àyàndá tẹ bébà. Pá. Látorí adé. Ó pàtẹ́wọ́, ó lọ.

Pá. Látorí adé. Pá. Látorí adé.

Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Kò sí ẹkún. Àbẹ́là wà lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì ti ń làágùn.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Alhaja Hassanat wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Màmá wọlé tẹ̀ lé e, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́.

Màmá yà sápá òsì. Ó ń wo ojú àwọn ọba níkọ̀ọ̀kan, kò rí ọmọ ẹ̀. Alhaja yà sápá ọ̀tún. Ojú tí kò ríran yìí náà ló kọ́kọ́ rí adé páálí.

"Màmá Kànmí," Alhaja pè é, "ibí ni tiwa wà."

Ó ti bọ́. Alhaja fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò tiẹ̀ ráyè wúkọ́.

Ṣùgbọ́n Màmá ti dáhùn. "Mà," ó ní.

Ó dáhùn kó tó mọ̀ pé òun dáhùn. Ó dúró síbẹ̀ láàárín àwọn ọba. Òun náà wá dà bí ère.

Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì. Ó rìn wá síwájú Rìnsọ́lá. Ó tẹ bébà pupa. Pá.

Rìnsọ́lá wo ojú Màmá. Kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló sọ, èyí tó wọ́ díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀.

"Èmi ni Ọba Ẹ̀tẹ́rẹ̀dì. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan."

Màmá la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ní ṣííì. Kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi gun ẹṣin wá kí mi. Kò padà sílé mọ́. Wọ́n fi adé dé mi lórí. Mi ò fẹ́ adé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́. Mo sunkún. Wọ́n ní kí n dákẹ́."

Rìnsọ́lá mú àbẹ́là jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀. Àbẹ́là búlúù. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án.

"Wọ́n fi àbẹ́là nà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò lè dákẹ́."

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Àyà Rìnsọ́lá ń lù. Kì, kì, kì.

Màmá gba àbẹ́là náà. Ó yí i wò. Ó fi ìka kan orí ẹ̀, níbi tó ti jó.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹ́ ẹ," Màmá ní.

"Fúù. Fúù. Fúù," Rìnsọ́lá ní.

Màmá kúnlẹ̀ sórí bébà pupa. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ọ̀kan bọ́, gbogbo ẹ̀ bọ́. Ó fa Rìnsọ́lá mọ́ra. Adé páálí já bọ́, kò sẹ́ni tó mú un.

"Sunkún, ọmọ mi," ó ní. "Sunkún Kànmí. Èmi náà ń sunkún ẹ̀."

Wọ́n sunkún láàárín àwọn ọba. Kò sẹ́ni tó ní ṣííì. Híítà ò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Alhaja ní kí Màmá má bínú, ẹnu òun ló yọ̀.

Màmá fi bọ́rùn Alhaja nu ojú. "Alhaja, ẹ má wúkọ́ fún mi mọ́," ó ní. "Ẹ máa pè mí ní Màmá Kànmí. Mo ṣì ń jẹ́ ẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, Dádì ti jí, ó ń múra iṣẹ́ òru. Màmá gbé fọ́tò Kànmí fún un. Dádì gbà á. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó.

Màmá gbé àbẹ́là búlúù sábẹ́ fọ́tò náà. Wọn ò tàn án. Wọ́n kàn gbé e síbẹ̀ ni.

"Ṣííììì," híítà ní.

"Ara ẹ lò ń bá wí," Rìnsọ́lá sọ fún un. Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Míìsì Susan pe Rìnsọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ní òun ò gbédè wọn, ṣùgbọ́n òun rí i bí Màmá ṣe kúnlẹ̀. Ó béèrè ohun tí ọba sọ fún un.

Rìnsọ́lá dúró gbagidi.

Míìsì Susan tẹ ilẹ̀ níwájú ẹ̀. Pá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Pá.

Rìnsọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó mi orí.

"Ẹni tí ọba fẹ́ sọ ọ́ fún ti gbọ́," ó ní.

Ó sì pa ẹnu dé.