Odó Tí Ń Dún Nílé Aláìsàn

Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ohùn odó. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí ayé ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn òkè tó yí wa ká a máa dá ohùn odó padà: gbì, gbì, gbì. Ìyá mi a tẹ́tí sí i, a ní, "Ti ìyàwó Àjàyí nìyẹn. Inú ń bí i lónìí." Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò kúrò létí mi. N kò mọ̀ pé òun náà ni wọn yóò fi ba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ jẹ́.

Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ń kọ́ni ní ìṣirò nílé-ìwé girama kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn olùkọ́ ìṣirò yòókù fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, òun nìkan ló wá ń sáré kíláàsì dé kíláàsì. Kò róorun sùn mọ́. Ọrùn rẹ̀ gan, èjìká rẹ̀ le bí igi. Lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, apá kò gbé sókè mọ́, ó sì bú sẹ́kún.

Mo wá sílé wá wò ó, mo sì ń bá a lọ sọ́dọ̀ Joy, onífisió kan ní Àrámọkọ. Àwọn onífisió kì í fúnni lóògùn mì. Ọwọ́ àti eré ìdárayá ni wọ́n fi ń tú ara tó ti dì.

"Tíṣà, gbogbo ìpayà iṣẹ́ yẹn ti kó sínú iṣan yín," ni Joy wí. "Tí ẹ bá ń dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, yóò tún gan sí i. Kí lẹ fẹ́ràn láti máa ṣe nílé?"

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ará Èkìtì mà ni mí. Iyán ni."

Nígbà tí èjìká rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, Joy ní kó máa gún iyán kékeré nírọ̀lẹ́, kó máa mí kanlẹ̀ bó ṣe ń gbé ọmọ odó. Bí ara bá gbà á, kó padà síṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, òwúrọ̀ nìkan ná. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, ọ̀gá ilé-ìwé, gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, aláìsàn kì í gúnyán. Ará ilé kejì ló ń gún un gbé wá fún un. Ìyá Isaac ló ti ń ṣe é fún Bọ́sẹ̀dé. Ìrọ̀lẹ́ tó gbọ́ odó, ó dìde fùú, ó wọlé.

"Ẹ kú ulé o! Ta ló ń gúnyán nílé aláìsàn?"

"Èmi ni, mà. Onífisió ló ní kí n máa gún un, kí apá mi lè rọ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Apá tó gbé ọmọ odó ni kò lè gbé ṣọ́ọ̀kì? Èmi wá di ẹrú iyán rẹ!"

Gbọ́láhàn, ọmọ kíláàsì Bọ́sẹ̀dé, wà lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò. Lẹ́yìn náà ó fi í sórí gúrúùpù Wásáàpù ilé-ìwé, ó kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ wo aláìsàn wa! Iyán yá ju ìṣirò lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀gá Dúrótoyè náà rí i. Ó pe Bọ́sẹ̀dé lórí fóònù. "Ìyáàfin, ẹni tó lè gúnyán lè kọ́ gbogbo kíláàsì. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ nìkan ti parí. Tí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má wá mọ́."

Ọrùn Bọ́sẹ̀dé tún gan, kò lè lọ sílé-ìwé. Ìtìjú kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ odó mọ́. Odó dákẹ́.

Mo pe Gbọ́láhàn wá sọ́dọ̀ mi. "Ṣé o gbọ́ nígbà tí Tíṣà yín ní onífisió ló ní kóun máa gún un?"

Ó wolẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Mo gé ibẹ̀ kúrò ni."

"Nítorí kí ni?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tó bá wà níbẹ̀, kò ní pani lẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín! Ẹni tó kọ́ yín títí apá rẹ̀ fi kọ̀, òun lẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀? Lọ fi odindi rẹ̀ síbẹ̀."

"Wọ́n á yọ mí kúrò láàárín wọn, Bàbá."

"Kí wọ́n yọ ọ́!"

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Mo fi ìbínú padà sí Jọ́ọ̀sì.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ṣẹ́, tó ń tiro kọ́ ìrìn, gbogbo wa la ó máa kí i kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ wó mọ́lẹ̀, tó ń kọ́ ara rẹ̀ bí yóò ṣe padà síbẹ̀, òun la ń pè ní ọ̀lẹ àti òpùrọ́! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: ẹni tó ń tún ara ṣe kọ́ ló ń parọ́. Ẹni tó gé òótọ́ sí méjì, tó ju ìdajì nù, òun gan-an ni òpùrọ́.

Ìdánwò àṣejáde ń sún mọ́lé, kíláàsì jókòó síwájú pátákó tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín wá ń bi ara wọn pé, "Ta ni yóò kọ́ wa báyìí?" Gbọ́láhàn ń gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé pè mí. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ọ: gbì-gbì, gbì-gbì. Ọmọ odó méjì nínú odó kan.

"Ìyá Isaac ló ń bá mi gún un, Bàbá Jọ́ọ̀sì. Mo kọ́ni láàárọ̀ yìí. Òwúrọ̀ nìkan."

"Ọ̀gá yín ńkọ́? Ó tọrọ àforíjì?"

"Rárá o. Ó rí ohun tí Gbọ́láhàn kọ sí gúrúùpù, ó kàn ní kí n máa bọ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ Gbọ́láhàn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí yín."

Odindi fídíò náà ló wọlé, àti ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ rẹ̀:

"Èmi Gbọ́láhàn ni mo gé ibi tí Tíṣà ti sọ òótọ́. Odindi rẹ̀ nìyí. Tíṣà kò parọ́, èmi ni mo parọ́. Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gún iyán yín. A ti nu pátákó dè yín."