Ọ̀dà Pupa Lára Igi Ìyá

Ẹnu ya ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ igbó nígbà tó rí géńdé ọkùnrin kan tó dì mọ́ igi ńlá kan, tó gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó yín nìyẹn?"

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Agégi tó ní ìwé àṣẹ ni. "Mò ń gbọ́ inú rẹ̀ ni. Bí mo bá gbá a tó dún bí ìkòkò òfìfo, inú rẹ̀ ti jẹrà. Kò sí pákó níbẹ̀, kí ẹyẹ máa gbébẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó? Mo ṣì ń wá a."

Ọmọbìnrin náà ló ń kun àmì sára igi: ọ̀dà pupa fún èyí tó tó gé, funfun fún igi ìyá, tí ń so irúgbìn fún gbogbo igbó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Bó ṣe ń kùn, agégi á máa tẹ̀lé e, á máa pa á lẹ́rìn-ín. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. "Agégi kẹ̀? Ta ní í fún ológbò lẹ́ja ṣọ́?"

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ariwo ta. Igi ìyá kan ṣoṣo tó kù létí odò ti wó lulẹ̀! Bàbá káwọ́ lérí. "Ta ló gé e?"

"Èmi ni, sà. Mi ò wo àmì dáadáa," agégi dáhùn.

"Mú ìwé àṣẹ rẹ wá! O ò tún ní gégi níbí mọ́ láé."

Ọmọbìnrin wo kùkùté. Ọ̀dà pupa! Ọwọ́ òun gan-an ló kùn ún, lọ́jọ́ tí agégi ń sín ìrìn Bàbá jẹ, tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó wo agolo tó ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bàbá mi, irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo ṣi ọ̀dà kùn."

Bàbá jókòó gbì sórí ìtì igi, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ta ló ní kó o sọ?" agégi ń ráhùn lábẹ́lẹ̀. "Mo ti parí ẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi, dákẹ́ jàre. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

Bàbá dìde. Ó gba agolo ọ̀dà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Láti òní, ibi tí a ti ń mú irúgbìn igi hù ni wàá ti máa ṣiṣẹ́." Ó dá ìwé àṣẹ padà fún agégi. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣọ́ igbó, mi ò tíì rí agégi tó gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ìwọ, ṣé ẹ̀bi ọmọ mi nìkan lo fẹ́ máa rù ni, àbí o máa fẹ́ ẹ?"

Ìwé àṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ agégi, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

"Ó máa fẹ́ mi, sà!" ọmọbìnrin yára fèsì, kí Bàbá má baà yí ọkàn padà.